Ẹ̀rí Ìyá Nìkan Kò Tó Fi Mọ Ìdílé Àfòpiná

Bí oníkìí kan bá dúró ní ojúde, tí ó gbẹ́nu sókè tí ó ń ki ọmọ onílé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ní orílẹ̀ ìyá rẹ̀ nìkan, tí kò yà sí ilé bàbá, tí kò bèèrè ìyá tó bí bàbá tàbí bàbá tó bí ìyá, gbogbo àgbà tó wà ní ìjókòó ni yóò mọ̀ pé iṣẹ́ náà kò pé, bó ti wù kí ohùn rẹ̀ dùn tó. Kì í ṣe pé ohun tí ó sọ jẹ́ irọ́. Èyí tí kò sọ ni ó pọ̀ ju èyí tí ó sọ lọ. Síbẹ̀, ohun tí a kò ní gbà lọ́wọ́ oníkìí ní ojúde ilé wa ni ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé ń gbà lọ́wọ́ ara wọn lójoojúmọ́, bí ọ̀rọ̀ bá ti di ti ìran àfòpiná àti ìbátan àwọn kòkòrò sí ara wọn. Wọ́n ń ki àfòpiná ní orílẹ̀ ìyá rẹ̀, wọ́n sì ń jókòó bí ẹni tí ó ti kì í tán.

Èrò tí ó gbilẹ̀ láàárín wọn ni pé bí a bá ti ka DNA inú mitokọ́ńdíríà kòkòrò kan láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, a ti mọ ilé tí ó ti wá àti ẹni tí ó bá tan. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò ṣòro láti sọ. Wọn a já ẹsẹ̀ kan lára àfòpiná gbígbẹ, wọn a yọ DNA rẹ̀, wọn a ka lẹ́tà bí 15,000 ó lé díẹ̀, wọn a ka jíìnì 37, wọn a yà á ní òbìrí, wọn a kó o pọ̀ mọ́ ti àwọn àfòpiná tí a ti kà ṣáájú, kọ̀ǹpútà a sì ya igi ìdílé fún wọn, ẹ̀ka lórí ẹ̀ka. Lẹ́yìn èyí ni wọn a kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ìran àfòpiná yìí ti yanjú. Mo ti ka irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ dé ibi pé bí mo bá ti ṣí ojú ìwé kìn-ín-ní, mo lè sọ ohun tí ó wà ní èyí tí ó kẹ́yìn, àyàfi orúkọ àfòpiná náà. Èmi kò bá wọn jà nítorí kíkà tí wọ́n kà á. Iṣẹ́ gidi ni kíkà. Ohun tí mo kọ̀ ni ìdájọ́ tí wọ́n ń dá lé e lórí, nítorí àwọn baba wa ti sọ ọ́ ṣáájú wa pé agbẹ́jọ́ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà.

Kí ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí má baà ṣìnà, ẹ jẹ́ kí n tú u síta. Sẹ́ẹ̀lì tín-ín-tìn-ìn-tín ni a fi mọ ara gbogbo ẹ̀dá, ìbáà ṣe ti ènìyàn, ìbáà ṣe ti àfòpiná. Nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ni ìyẹ̀wù kan wà, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní núkílọ́ọ̀sì, níbi tí ogún ìyá àti ogún bàbá wà papọ̀ nínú àwọn kúrómósóòmù. Lóde ìyẹ̀wù yìí ni àwọn mitokọ́ńdíríà wà, ilé ìdáná sẹ́ẹ̀lì, tí ń sọ oúnjẹ di agbára, tí wọ́n sì ní DNA kékeré tiwọn tí ó ká roboto bí òrùka. Òrùka yìí ni bàbá kì í fi lé ọmọ lọ́wọ́. Inú ẹyin ìyá ni ó ti ń bá ọmọ wá, ìyá ọmọ náà sì gbà á lọ́wọ́ ìyá tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó sì lọ títí sẹ́yìn, láti ọwọ́ obìnrin dé ọwọ́ obìnrin, láìsí ọkùnrin kan ṣoṣo tí ó bá wọn dá sí i.

Ìdí tí àwọn onímọ̀ fi fẹ́ràn òrùka yìí kò farasin. Ó kúrú, ó pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì débi pé àfòpiná tí a ti kàn mọ́ pákó nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé fún ọ̀pọ̀ ọdún ṣì lè fi í sílẹ̀, kì í sì í pa pọ̀ mọ́ ti bàbá kí ó dàrú. Ní 1985 ni Clary àti Wolstenholme ka ti eṣinṣin kékeré kan, Drosophila yakuba, tán, lẹ́tà 16,019, èyí sì ni àkọ́kọ́ nínú gbogbo kòkòrò. Ní 2003, Paul Hebert àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Guelph ní Kánádà tún gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú: wọ́n ní kò pọn dandan kí a ka gbogbo òrùka, pé apá kan jíìnì kan ṣoṣo lára rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní COI, nǹkan bí lẹ́tà 650, tó láti fi dá ẹ̀yà ẹranko mọ̀ yàtọ̀ sí ara wọn, bí a ti ń fi àmì ara páálí mọ ọjà ní ṣọ́ọ̀bù. Ìran àfòpiná àti labalábá ni wọ́n fi dán an wò, ẹ̀yà 200 tí wọ́n súnmọ́ ara wọn, kò sì tàsé ẹyọ kan. Láti ìgbà náà ni ìlú ti ń tẹ̀lé ìlù yìí. Ohun tí a fi ń dá orúkọ mọ̀ ni wọ́n wá sọ di ohun tí a fi ń tú ìdílé, bẹ́ẹ̀ sì ni iṣẹ́ méjèèjì yàtọ̀ sí ara wọn bí ilà ojú ti yàtọ̀ sí ìtàn ilé.

Èyí tí ó máa ń dùn mí jù ni bí wọ́n ti ń fọ́nnu pé jíìnì 37 ni àwọn fi ṣe ẹlẹ́rìí. Òótọ́ ni pé 37 ni: 13 ń kọ́ purotéènì, 22 àti 2 ń ṣe oríṣi RNA méjì tí sẹ́ẹ̀lì fi ń kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n orí òrùka kan ṣoṣo ni gbogbo wọn jókòó sí, wọn kì í ya ara wọn, wọn kì í pààrọ̀ ipò pẹ̀lú ti bàbá, ibi tí ọ̀kan bá lọ ni gbogbo wọn ń lọ. Bí ìyá kan bá kó ọmọ rẹ̀ 37 wá sí kóòtù, tí ó ti jókòó tì wọ́n ní òru tí ó kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ kan náà, adájọ́ wo ni yóò ka ẹ̀rí wọn sí 37? Ẹnu kan ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Ẹnìkan kì í sì í jẹ́ àwá dé. Ẹ wá fi ẹnu kan yìí wé ohun tí ó ṣẹ́kù sí ìyẹ̀wù: àfòpiná tí ń hun sílíìkì, Bombyx mori, ní nǹkan bí lẹ́tà 450 mílíọ̀nù nínú núkílọ́ọ̀sì rẹ̀, àti jíìnì tí ó lé ní 14,000. Bí a bá fi òrùka mitokọ́ńdíríà wé e, lẹ́tà kan ni a kà nínú bí 29,000 tí àwọn baba ńlá àti ìyá ńlá rẹ̀ fi sílẹ̀.

Ẹni kan lè sọ pé àwàdà àwọn ọ̀mọ̀wé lásán ni èyí, pé kí ni ó kan ẹni tí ń wá oúnjẹ òòjọ́. Ó kàn án púpọ̀, oko àgbàdo wa sì ni ẹlẹ́rìí mi.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2016, kòkòrò kan tí àgbẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà kò rí rí kọlu àgbàdo ní ìhà gúúsù-ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Èmi náà ti bẹ̀rẹ̀ tu ọkàn àgbàdo bẹ́ẹ̀ wò. Ojú ihò wẹ́wẹ́ ni a kọ́kọ́ ń rí lára ewé, bí ẹni pé wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún un ní ẹsẹẹsẹ. Bí a bá sì ya ewé tí ó ká mọ́ra ní àárín, ìgbẹ́ kòkòrò náà ni yóò kọ́kọ́ já lé wa lọ́wọ́, ó rí hóró hóró bí ìyẹ̀fun igi tí ayùn gé tí omi sì ta sí. Nísàlẹ̀ ìgbẹ́ yìí ni òun fúnra rẹ̀ ká sí, nígbà púpọ̀ ẹyọ kan ṣoṣo, nítorí wọn a máa jẹ ara wọn. Ìlà ràkọ̀ràkọ̀ mẹ́ta pàdé ní iwájú orí rẹ̀ bí ẹ̀ka igi ìfà rọ́bà tí a dorí rẹ̀ kodò, àmì dúdú mẹ́rin sì jókòó lórí ẹ̀yìn rẹ̀ lápá ìdí, bí ojú ibi tí ẹsẹ̀ mẹ́rin àpótí ti tẹlẹ̀. Ẹni tí ó bá ti rí i lẹ́ẹ̀kan kò ní gbàgbé rẹ̀, ẹni tí ó bá sì ti fi owó ẹgbẹ́ ra irúgbìn àgbàdo ọdún náà kò ní gbàgbé rẹ̀ rárá.

Georg Goergen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ó wà ní Ìbàdàn, kéde ní ọdún náà pé Spodoptera frugiperda ni, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, wọ́n sì ti rí i ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ní Tógò àti ní São Tomé pẹ̀lú. DNA mitokọ́ńdíríà wà lára ohun tí wọ́n fi dá a mọ̀, èmi kò sì ní gba iyì yẹn lọ́wọ́ rẹ̀: nígbà tí àlejò tí a kò mọ̀ wọlé, òun ni ó bá wa pe orúkọ rẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni ìgbà tí a bi í ní ìbéèrè kejì.

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí kòkòrò yìí ti wá, ẹ̀yà méjì ni ó ní, ojú kò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọ̀kan fẹ́ràn àgbàdo àti ọkà bàbà. Èkejì fẹ́ràn ìrẹsì àti koríko tí ẹran ń jẹ. COI, ọmọ mitokọ́ńdíríà, wà lára ohun tí àwọn onímọ̀ ti fi ń yà wọ́n láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tí wọ́n fi òṣùwọ̀n yìí wọn àwọn tí wọ́n kó ní Áfíríkà, ẹ̀yà ìrẹsì ni ó pe púpọ̀ nínú wọn. Ẹ wo ohun tí èyí ìbá jẹ́, bí ó bá jẹ́ òótọ́: kí àgbẹ̀ onírẹsì láti ibí dé Sẹ̀nẹ̀gà di àmùrè, kí ìjọba náwó ogun kòkòrò sí orí ìrẹsì. Ṣùgbọ́n àgbàdo ni kòkòrò náà ń jẹ. Orí àgbàdo ni wọ́n ti kó púpọ̀ nínú àwọn tí a ní wọ́n jẹ́ ẹ̀yà ìrẹsì. Rod Nagoshi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n pe ẹlẹ́rìí kejì, jíìnì kan tí wọ́n ń pè ní Tpi, láti inú ìyẹ̀wù sẹ́ẹ̀lì. Tpi ní ẹ̀yà àgbàdo ni wọ́n. Ní 2019 ni wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀yà ìrẹsì tí a mọ̀ ní Amẹ́ríkà ṣọ̀wọ́n ní Áfíríkà, tàbí kí ó má tilẹ̀ sí níbẹ̀ rárá, pé irúgbìn tí ewu rẹ̀ dé bá kò pọ̀ tó bí ẹnu COI ti fẹ́ kí a gbà.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí, nítorí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ládùn ni. Láàárín àwa ènìyàn, ọkùnrin ni ó ní kúrómósóòmù oríṣi méjì, X àti Y. Láàárín àfòpiná, abo ni: akọ ní Z méjì, abo ní Z kan àti W kan. Abo àfòpiná ń gba W lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ papọ̀ mọ́ mitokọ́ńdíríà, ó sì ń gba Z rẹ̀ kan ṣoṣo lọ́wọ́ bàbá. Orí Z ni Tpi wà. Bí a bá mú abo kan ṣoṣo lára àwọn àfòpiná oko àgbàdo wọ̀nyí, COI rẹ̀ ń sọ ilé ìyá rẹ̀ fún wa, Tpi rẹ̀ ń sọ ilé bàbá rẹ̀, ẹnu wọn kò sì bára mu. Ilé ìyá sọ ìrẹsì, ilé bàbá sọ àgbàdo. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé níbì kan, nígbà kan, ìran méjèèjì ti fẹ́ ara wọn, ọmọ wọn ti bímọ, àmì ilé ìyá sì ṣẹ́kù sára ọmọ tí oúnjẹ rẹ̀ àti ìwà rẹ̀ jẹ́ ti ilé bàbá. Ẹni tí ó bá fetí sí ìyá nìkan kò ní mọ̀ láéláé pé ìgbéyàwó kan ṣẹlẹ̀. Kì í sì ṣe gbogbo jíìnì 14,000 ni Nagoshi fi rí èyí. Ẹyọ kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n láti ilé kejì ni ó ti pè é.

Àwọn tí wọ́n ń gbèjà èrò àtijọ́ ní èsì kan tí ó lágbára, n kò sì ní fò ó. Wọ́n ní ìlànà kan wà tí J. B. S. Haldane kọ sílẹ̀ ní 1922, pé bí ẹ̀yà méjì bá gun ara wọn tí ìyà sì jẹ ọmọ àdàlù, ọmọ tí ó ní kúrómósóòmù oríṣi méjì ni ìyà náà sábà ń jẹ: òun ni ó ń kú tàbí tí ó ń yàgàn. Láàárín àfòpiná, abo ni ìyẹn. Nígbà tí ó sì jẹ́ pé abo nìkan ni ó lè fi mitokọ́ńdíríà lé ọmọ lọ́wọ́, bí abo àdàlù bá yàgàn, ọ̀nà ti dí, mitokọ́ńdíríà ilé kan kò lè rékọjá sí ilé kejì. Nítorí náà, wọ́n ní, bí ẹ̀rí ìyá bá tilẹ̀ lè tan ni jẹ láàárín àwọn ẹranko mìíràn, láàárín àfòpiná àti labalábá ó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé.

Ọ̀rọ̀ náà dára, àní ó bọ́gbọ́n mu. Ṣùgbọ́n ohun tí ó sábà ń ṣẹlẹ̀ ni Haldane sọ, kò sọ ohun tí kò lè ṣàì ṣẹlẹ̀. Odi tí wọ́n ní ó wà yìí ni àwọn àfòpiná oko àgbàdo wa ti gbà kọjá. Ohun mìíràn sì tún ń gbé inú sẹ́ẹ̀lì àwọn kòkòrò tí Haldane kò mọ̀ nígbà náà pé ó lè kópa nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bakitéríà ni, Wolbachia ni orúkọ rẹ̀. Inú ẹyin ìyá ni òun náà ti ń bá ọmọ wá, bí mitokọ́ńdíríà gan-an, akọ kò sì wúlò fún un. Nítorí náà, lára àwọn kòkòrò mìíràn, ó ń pa ọmọkùnrin nínú ẹyin, kí àwọn ọmọbìnrin tí ó ń gbé inú wọn lè rí oúnjẹ jẹ sí i. Ìran obìnrin tí ó ní in ń pọ̀, ti àwọn tí kò ní in ń dínkù, òrùka mitokọ́ńdíríà tí ó bá a rìn sì ń gba gbogbo ìlú, kì í ṣe nítorí pé ó dára ju ti àwọn yòókù lọ, bí kò ṣe nítorí ẹni tí ó bá rìn. Francis Jiggins fi èyí hàn ní 2003 lára labalábá méjì tí wọ́n wà ní Áfíríkà, Acraea encedon àti Acraea encedana: Wolbachia apamọkùnrin kọjá láti inú encedana sí inú encedon nípa ìgbéyàwó àdàlù, ó sì fa mitokọ́ńdíríà encedana lọ́wọ́ wọlé. Ẹni tí ó bá fi òrùka yìí ya igi ìdílé labalábá méjèèjì yóò pe àlejò ní ọmọ bíbí inú ilé. Igi tí ó yà, ti bakitéríà ni.

Èyí tí mo ti ń sọ láti òkè jẹ́ ti àwọn ìran tí wọ́n ṣì súnmọ́ra. Bí a bá wá lọ sí ìgbà ìwáṣẹ̀, nígbà tí àwọn ìdílé ńlá ńlá kòkòrò ń pínyà, ewu mìíràn ni a ó bá pàdé. Lẹ́tà mẹ́rin ni a fi kọ DNA: A, T, C àti G. Nínú mitokọ́ńdíríà àfòpiná, nǹkan bí mẹ́jọ nínú mẹ́wàá lẹ́tà ni ó jẹ́ A tàbí T. Ẹ ronú ìlú kan tí ènìyàn mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ń kọ yálà pélé tàbí àbàjà, tí ọmọdé sì ń pa ilà tirẹ̀ dà ní ìran dé ìran. Ẹni tí ó bá ń fi ilà ojú wá ẹbí rẹ̀ tí ó sọnù ní ìlú bẹ́ẹ̀ yóò di mọ́ àlejò ní ọrùn, yóò sì kọjá lára àbúrò rẹ̀ gan-an lójú ọ̀nà. Ìran kòkòrò méjì tí òrùka wọn ń yí padà kíákíá yóò jọ ara wọn láìjẹ́ pé wọ́n bára tan.

Ìtàn ti fi èyí hàn kedere. Ní 2003 yẹn kan náà ni Francesco Nardi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Science, tí wọ́n fi mitokọ́ńdíríà sọ pé Collembola, àwọn ẹ̀dá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà kékeré tí ń fò kiri nínú ewé jíjẹrà, kì í ṣe ará ilé àwọn kòkòrò yòókù, pé ìbátan edé àti alákàn súnmọ́ kòkòrò jù wọ́n lọ, pé ẹsẹ̀ mẹ́fà sì jẹ yọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ní ayé. Ọ̀rọ̀ ńlá ni, ó sì mi gbogbo ilé. Kí ọdún náà tó parí ni àwọn mìíràn ti dáhùn pé àìdọ́gba lẹ́tà ni ó tan wọ́n, pé bí a bá wọn ọ̀rọ̀ náà ní ọ̀nà tí kò gbé lẹ́tà kan ga ju ìkejì lọ, Collembola yóò padà sílé. Nígbà tí ó di 2014, Bernhard Misof pẹ̀lú ẹgbẹ́ ńlá kan ka jíìnì 1,478 láti inú ìyẹ̀wù sẹ́ẹ̀lì ẹ̀yà 144, gbogbo ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà sì wà ní agboolé kan. Ọdún mọ́kànlá ni ó gbà. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ṣùgbọ́n èmi kò pe Nardi ní onírọ́, òótọ́ ohun tí òrùka náà sọ fún un ni ó kọ sílẹ̀. Ẹlẹ́rìí ni ó tàsé, ẹni tí ó sì gbà á láìwá ẹlòmíràn ni ó jẹ̀bi.

N kò ní ṣe bí ẹni pé ìyá kò sọ òótọ́ rí. Àwọn àfòpiná kan tí wọ́n ń gbé lórí òkè gíga ilẹ̀ Tíbẹ́ẹ̀tì, ìran Thitarodes, ṣì to àwọn jíìnì kékeré mẹ́ta kan lórí òrùka wọn bí àwọn kòkòrò ìgbà ìwáṣẹ̀ ti tò wọ́n, nígbà tí ọ̀pọ̀ jù lọ àfòpiná àti labalábá yòókù ti gbé ọ̀kan nínú wọn ṣáájú. Ètò bẹ́ẹ̀ ṣòro láti ṣèèṣì jọra, ẹ̀rí tí ó wúwo sì ni. Mitokọ́ńdíríà wà lára àwọn tí ó sọ fún wa pé labalábá kò sí níbi tí àwọn àtijọ́ fi í sí. Linnaeus ní 1758 pín gbogbo wọn sí mẹ́ta, labalábá ní tiwọn, àfòpiná ní ọ̀nà méjì. Lónìí a mọ̀ pé ẹ̀ka kan lára igi àfòpiná ni labalábá, tí ó kàn kọ òru sílẹ̀ tí ó gba ọ̀sán. Labalábá fi ara rẹ̀ wẹ́yẹ kò lè ṣe ìṣe ẹyẹ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè yàtọ̀ sí àfòpiná pàápàá. Ṣùgbọ́n báwo ni a ti ṣe mọ̀ pé ìyá kò tàsé lórí èyí? Nítorí pé àwọn jíìnì ìyẹ̀wù wá jẹ́rìí sí i ni. Ní 2019 Akito Kawahara àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi jíìnì 2,098 láti ara ẹ̀yà 186 ya igi náà, wọ́n sì rí ohun tí òrùka nìkan kò lè fi dá wa lójú: pé nǹkan bí 300 mílíọ̀nù ọdún ni ìran yìí ti wà, àti pé àwọn àfòpiná kan ti ní etí tí ó ń gbọ́ ohùn tín-ín-rín kí àdán tó wáyé, bẹ́ẹ̀ sì ni a ti ń kọ́ ọmọ pé nítorí àdán ni etí yẹn ṣe yọ.

Ọ̀rọ̀ owó ni wọ́n máa ń fi dí mi lẹ́nu kẹ́yìn. Wọ́n ní òrùka kò wọ́n, pé ilé-ẹ̀kọ́ tí kò lówó lọ́wọ́ lè kà á, pé jínóòmù odidi, ìyẹn gbogbo DNA ẹ̀dá kan, kò sí ní ìkáwọ́ ẹni tí iná mànàmáná ń kú mọ́ lórí. Mo mọ ìnira yìí, kò sì sí ẹni tí yóò fi ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́dọ̀ mi. Ṣùgbọ́n n kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni ka odidi jínóòmù. Jíìnì kan láti orí Z, mìíràn láti orí kúrómósóòmù tí kì í ṣe Z, owó tí a fi ń ka òrùka ni a lè fi kà wọ́n. Ẹni tí kò bá tilẹ̀ lè rí èyí ṣe, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ ní gbangba pé ìran ìyá ni igi tí òun yà, kí ó má pè é ní igi àfòpiná. Àwọn tí owó sì wà lọ́wọ́ wọn kò ní àwáwí kankan mọ́: ní 2024 ni wọ́n fi jínóòmù odidi tí ó lé ní 200 tún ìran kúrómósóòmù àfòpiná àti labalábá ṣe, tí wọ́n rí i pé 32 ni ìyá ńlá gbogbo wọn ní. Nínú ayé tí èyí ti ṣeé ṣe, a ṣì ń rí ìwé tuntun tí ó fi òrùka kan ṣoṣo pe ìpínyà ìdílé tí ó ti tó ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù ọdún ní ohun tí ó ti yanjú.

Ó dùn mí ju bẹ́ẹ̀ lọ nítorí àwọn tí wọ́n jẹ́ tiwa. Sányán, baba aṣọ, tí ọkọ ìyàwó ń dà bo èjìká, òwú tí Anaphe hun ni. Àfòpiná ni Anaphe: ọmọ rẹ̀ a máa pọ̀ bí ìlú, wọn a jẹ ewé igi kan náà, wọn a sì hun ilé kan ṣoṣo tí ó rí bí àpò awọ, kí olúkúlùkù tó hun tirẹ̀ nínú rẹ̀. Àlàárì tí a ń kà tẹ̀lé e, sílíìkì Bombyx tí àwọn oníṣòwò kó gba aṣálẹ̀ Sàhárà wá sí ọjà wa ni. Lójú ẹni tí ń wọ̀ wọ́n, ọmọ ìyá ni aṣọ méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìdílé àfòpiná méjèèjì jìnnà sí ara wọn gan-an, tí kálukú wọn hun sílíìkì ní ọ̀nà tirẹ̀. Ti Bombyx ni ayé ti yẹ̀ wò láti ilé ìyá àti láti ilé bàbá: mitokọ́ńdíríà fà á tọ́ Bombyx mandarina ti Ṣáínà, kì í ṣe ti Jàpáànù, kúrómósóòmù náà sì gbè é lẹ́sẹ̀, nítorí 28 ni ti Ṣáínà àti ti ilé, nígbà tí ti Jàpáànù jẹ́ 27. Irú àyẹ̀wò kan náà ni mo ń bèèrè fún Anaphe, tí oko àti igbó rẹ̀ ń dínkù lójú wa. Kí ẹni tí yóò bá kọ ìtàn ilé rẹ̀ ka lẹ́tà inú ìyẹ̀wù rẹ̀, akọ àti abo, láti ìlú ju ẹyọ kan lọ, kí ó sì wá wo inú ẹyin rẹ̀ bóyá Wolbachia ń gbé ibẹ̀, kí ó tó sọ fún àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn ẹni tí ó bí ẹni tí ń hun òwú fún wọn.